Wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù, wọ́n ní mo ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀: ibo ni mo ti kó o?

Bàbá_Ọmọ_Kan (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù méje. Níbi tó ti gba káàdì, wọ́n ní kí àwọn ọkọ wá fi páìnì ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì kí òòyì má baà kọ́ mi. Wọ́n gún mi lórí ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí nǹkan pélébé kan, wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pè mí láti ojú fèrèsé, lójú gbogbo èrò, ó ní, "Ọ̀gá, a ò lè gba ẹ̀jẹ̀ yín o, ẹ ní hepatitis B." Ó kọ ọ́ sí ìwé, ó nà án sí mi, ó pe ẹni tó kàn. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹni ọdún 34 ni mí. Yàtọ̀ sí ibà, nǹkan kan ò ṣe mí rí. Ojú mi ò pọ́n, ìtọ̀ mi ò yí padà. Ọdún kẹfà rèé tí mo gbé ìyàwó mi, n kò sì mọ obìnrin mìíràn láti ìgbà náà. Ọlọ́run gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré yẹn ti da ilé mi rú. Wọ́n yẹ ìyàwó mi wò, tirẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀, tó wá bá wa gbé nítorí ìkúnlẹ̀, ti ya àwo, ife àti ṣíbí mi sọ́tọ̀. Ó so òwú pupa mọ́ etí ife mi. Lánàá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, fẹ́ fi ife náà mu omi, ìyá àgbà sì gbá a lọ́wọ́. Ọmọ náà yíjú, ó wò mí. N kò tíì lè gbé ojú yẹn kúrò lọ́kàn.

Ibo ni mo ti kó o? Ṣé ìyàwó mi ò ní kó o, àti èyí tó wà nínú rẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni pé a ò gbọdọ̀ jọ jẹun mọ́? Ẹnìkan ládùúgbò ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta agbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyálọ́jà_Ìbàdàn (Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ibà pọ́njú là ń pe ìyẹn nílé wa. Má bínú sí ìyá ìyàwó rẹ, ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Inú oúnjẹ ni àbúrò ọkọ mi ti kó tirẹ̀ nígbà tó wà nílé ìwé, àwọn mẹ́rin ló mú nínú yàrá kan náà. Jẹ́ kí àwo wà lọ́tọ̀ ná, kí o wá ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí (Ọjọ́ Àìkú, 10:52 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka àwọn aláboyún ni mo wà láti ọdún 11 sẹ́yìn. Ẹni tó ké ọ̀rọ̀ ìlera yín síta láti ojú fèrèsé ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sẹ́yìn nínú ìtọ́jú.

Màmá wa Ìyálọ́jà, ẹ má bínú pé mo fẹ́ ta ko yín. Ojú pípọ́n kì í ṣe orúkọ àrùn kan ṣoṣo. Àmì ni, ohun tó sì lè fà á pọ̀. Hepatitis tó ń gba inú oúnjẹ àti omi tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ wà lóòótọ́, A àti E ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó jọ pé ọ̀kan nínú wọn ló mú àwọn mẹ́rin inú yàrá yẹn. B kì í gba ibẹ̀ wọlé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni B ń gbé, àti inú àtọ̀ àti omi ojú ara obìnrin.

Nítorí náà, ẹ jọ máa jẹ ẹ̀bà yín nínú àwo kan náà. Ife, ṣíbí, ìdìmọ́ra, ikọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀fọn, kò sí èyí tó ń ranni nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀ ni bíléèdì ìfárùngbọ̀n yín, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yín nítorí èrìgì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, àti ohun ìgéèékánná yín. Tí ẹ bá fara gbọgbẹ́, ẹ dì í. Tí ẹ̀jẹ̀ yín bá kán sílẹ̀, ẹ fi Jik tí a fi omi là nù ún. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ pàápàá kò ṣeé fojú fo: kòkòrò yìí lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti kó ju HIV lọ dáadáa.

Ìyàwó yín ńkọ́? Tí òun kò bá ní in, kò ní nǹkan tó máa kó ran ọmọ inú rẹ̀. Ohun tí a ń sáré sí ni pé kó má kó o báyìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, kò léwu fún oyún, kó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Mẹ́ta ni: èkíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé sí ọjọ́ tó gba èkíní. Kí ẹ tó parí rẹ̀, ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì sí ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò bóyá ààbò náà ti jókòó. Ọmọ tuntun yóò gba tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, bí gbogbo ọmọ ṣe yẹ kó gbà á.

Ẹ wá káàdì àjẹsára ọmọ yín ọkùnrin náà jáde. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní itan ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti hepatitis B wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Nọ́ọ̀sì fúnra wọn dárúkọ ìbálòpọ̀. Tìyàwó mọ́, tiyín ò mọ́. Mo rò pé kí ẹ jẹ́wọ́ fún un kó sì dárí jì yín sàn ju kí ọ̀rọ̀ náà máa jẹ yín láti inú lọ.

Àǹtí_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 8:17 àárọ̀)

Ọmọ_Ẹ̀gbá, àbúrò mi, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí o tó dá èèyàn lẹ́jọ́.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi, òun ni mo bí ọmọ mẹ́ta fún nílé kí a tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2023, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ọrùn ọwọ́ mi sì kán. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọsibítù ìlú yìí pé ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní pàjáwìrì, wọn á tún yẹ ẹ́ wò fún HIV àti hepatitis, àfi tó bá ní òun kò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Ọwọ́ tó kán ni mo rò pé wọ́n fẹ́ bi mí.

Dókítà tí mo lọ rí kò bi mí léèrè ọkùnrin. Ohun tó bi mí ni pé: "Níbo ni wọ́n ti bí yín? Ṣé ìyá yín wà láàyè? Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá?" A jẹ́ mẹ́fà. Mo tẹ àwọn tó wà nílé láago, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Àwa mẹ́ta ló ní in. Ìyá wa ti kú ní ọdún 1998, ikùn rẹ̀ wú bí ikùn aláboyún, ojú rẹ̀ sì pọ́n rokoṣo. Nígbà yẹn, wọ́n sọ pé orogún rẹ̀ ló ṣe é. Obìnrin yẹn ru ẹ̀sùn náà títí òun náà fi lọ. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí dókítà náà wá là yé mi rèé. Bí ọmọ bá kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, nínú ọmọ mẹ́wàá, ara mẹ́sàn-án ni kò ní lè lé e jáde. Á máa bá wọn dàgbà ni, láìsí àmì kankan, ogójì ọdún lè kọjá. Àmọ́ bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá kó o, nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ju 95 lọ ni ara wọn á lé e lọ fúnra rẹ̀. Ọkọ mi kò ní in. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, wọ́n rí i pé ó ti kó o rí, ara rẹ̀ ti bá a jà, ó ti lé e lọ. Kò tiẹ̀ mọ̀. Ara mi ló ti kó o, bẹ́ẹ̀ èmi ni mi ò ní ọkùnrin mìíràn!

Nítorí náà, pé tìyàwó mọ́, tọkọ ò mọ́, kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣe àgbèrè. Bàbá_Ọmọ_Kan, ṣé ìyá yín wà láàyè? Ẹ lọ bá a.

Bábà_Mushin (Ọjọ́ Ajé, 1:12 ọ̀sán)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tiwa, nítorí kò sí ẹni tó dárúkọ wa. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń gẹrun ní Mushin.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin tó ní kókó kéékèèké. Tí n bá gbé kílípà lé e ní síírò, á bẹ́ orí kókó yẹn, ẹ̀jẹ̀ á sì yọ, bí orí abẹ́rẹ́ ló ṣe máa ń mọ. Oníbàárà ò ní mọ̀. Tẹ́lẹ̀, màá fi òwú tó ní sípíríìtì nù ún, màá fi nu kílípà náà, ẹni tó kàn á jókòó. Àpótí oníná búlúù tí a ń kó irinṣẹ́ sí, gbogbo èèyàn rò pé ó ń pa kòkòrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá kọ́ ẹgbẹ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní ká má gbọ́kàn lé e rárá, irun àti ẹ̀jẹ̀ tó há sáàárín eyín kílípà, iná yẹn ò dé ibẹ̀. Sípíríìtì tí a kàn fi nù ún fìrí náà ò tó.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: màá tú eyín rẹ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ irun àti ẹ̀jẹ̀ kúrò, màá rẹ ẹ́ sínú Jik, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá ṣàn án, màá gbẹ ẹ́, màá fi òróró sí i. Ó ń dípẹtà kíákíá, mi ò ní purọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ oníbàárà kí kálukú ra tirẹ̀. Kílípà 22 ló wà nínú àpò lórí pẹpẹ mi báyìí, orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra tiyín. Ẹ má sì fi pa mọ́ fún bábà yín.

Agbo_Wò_Mí_Sàn (Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má dẹ́rù ba bàbá ọmọ. Ní ọdún 2021, wọ́n ní mo ní hepatitis B. Ojú mi pọ́n, ìtọ̀ mi dà bíi kóòkì, mi ò lè jẹun. Ẹnìkan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Òṣogbo, mo mu agbo rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo padà lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sí mọ́. Ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Èèyàn mẹ́rin ni mo ti mú lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀.

Oní_Láàbù (Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́)

Agbo_Wò_Mí_Sàn, mo gbà yín gbọ́. Mo gbà pé ìwé méjèèjì jẹ́ òótọ́, inú mi sì dùn pé ara yín yá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú pípọ́n lójijì, ìtọ̀ dúdú, àìlèjẹun: bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí àgbàlagbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, tí ara rẹ̀ ń bá a jà. Àǹtí_Peckham ti sọ iye tí ara wọn ń lé e lọ. Oṣù mẹ́ta tí ẹ fi mu agbo ni ara yín fi ṣiṣẹ́ náà. Tí ẹ bá mu omi lásán fún oṣù mẹ́ta, ìwé kejì ì bá rí bákan náà.

Ẹni tó ti ní i láti kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ kì í lọ lóṣù mẹ́ta. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń mu agbo, ẹ̀dọ̀ tó ń ru ẹrù kan lẹ́ ń gbé ẹrù kejì lé, torí ẹ̀dọ̀ náà ló máa lọ gbogbo egbò àti èèpo yẹn kúnná. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fò sókè ní ìlọ́po ogún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi mu agbo. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn mẹ́rin yẹn, ẹ wá wọn lọ. Ẹ ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe.

Bàbá_Ọmọ_Kan, ó yé mi pé ìlà méjì ni wọ́n rí lórí nǹkan pélébé yẹn. Ohun tó ń wá ni awọ òde kòkòrò náà, HBsAg. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ọ̀gá wa àgbà ṣì ń pè é ní Australia antigen, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ilẹ̀ Australia kan ni Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ́kọ́ rí i, tó sì gbé e jáde ní ọdún 1965. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù keje, ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ hepatitis lágbàáyé, ọjọ́ tí ibi púpọ̀ máa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Ẹ máa ṣọ́ ọjọ́ náà.

Ìlà méjì sọ pé kòkòrò wà. Kò sọ bó ṣe pọ̀ tó, kò sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà. Ẹ lọ bá dókítà ẹ̀dọ̀ kó ní kí ẹ ṣe ìwọ̀nyí: àyẹ̀wò HBeAg, tó ń fi hàn bóyá kòkòrò náà ń bí sí i gan-an, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní viral load, àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, àti àwòrán ikùn. Tí HBsAg bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a mọ̀ pé ó ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn. Ti ìyàwó yín náà, ìlà kan ò tó fún mi. Ọdún mẹ́fà lẹ ti jọ wà. Kí wọ́n wo àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ pẹ̀lú, anti-HBs àti anti-HBc. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ti bá a jà tó ti borí, bíi ti ọkọ Àǹtí_Peckham. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n tó gún un ní àjẹsára àkọ́kọ́, ní ìjókòó kan náà. Kó má torí èsì dúró o.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bíi 8 ló ní in. Ọdún 2004 ni wọ́n tó fi í sí ara àjẹsára ọmọdé lórílẹ̀-èdè wa. Ẹni ọdún 34 ti kọjá ọjọ́ orí yẹn kó tó dé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀. Ẹni ọdún 29 ni mí, mi ò ṣe àyẹ̀wò rí. Mo ń lọ lọ́la.

Ìyá_Ẹ̀jìrẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀)

Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, torí èmi ìyá ni mo ní in. Wọ́n rí i nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì mi. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi ju mílíọ̀nù kan lọ. Dókítà ní kí n máa lo oògùn kan, tenofovir, láti ọ̀sẹ̀ 28 kó lè wálẹ̀ kí n tó bímọ, ó sì wálẹ̀ púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo aláboyún tó ní in gbọ́ ni pé kí ẹ wá abẹ́rẹ́ ọmọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ Àìkú ni mo bí. Ibi tí wọ́n ń kó àjẹsára pa mọ́ sí ti tì, wọ́n ní ó di ọjọ́ Ajé. Ọmọ mi ò lè dúró di ọjọ́ Ajé! Ọkọ mi gbé kúlà kékeré tí a fi ń ta páọ́tà, ó ra yìnyín sí i, ó gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù kejì. Oorun ti mú mi lọ nígbà tó dé, ìró yìnyín tó ń gbá ara kúlà ló jí mi. Wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní méjì, àjẹsára ní itan ọ̀tún, immunoglobulin, ìyẹn ọmọ ogun ara tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, ní itan òsì. Kò tíì pé wákàtí mẹ́wàá tí wọ́n dé ayé.

Mo fún wọn lọ́mú fún ọdún kan àti oṣù méjì. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Kò sí lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n_Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:55 alẹ́)

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti mọ̀ pé mo ní in. Àwa méjì la ní in, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ara àbúrò mi le bí irin. Ó ní òun ò rí ìdí tí òun á fi máa lọ ṣe àyẹ̀wò ohun tí kò dun òun. Nígbà tó máa dùn ún, jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò sí i. Ẹni ọdún 41 ni. Ẹ̀dọ̀ kì í ké, bàbá ọmọ. Ẹ má dúró de ìrora.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń lo oògùn o. Bí kòkòrò bá kéré tí ẹ̀dọ̀ sì dá, wọ́n lè ní kí ẹ kàn máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lò ó, ẹ má dá a dúró láìgba àṣẹ dókítà. Èmi dá a dúró rí. Àwọn tí mò ń bá gbé rí ike oògùn náà, tenofovir, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ oògùn HIV, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Ojú tì mí. Mo ju ike náà sí kòtò. Oṣù kẹrin, ojú mi pọ́n bí epo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn sí ọsibítù. Oògùn kan náà ni wọ́n ń lò fún àrùn méjèèjì lóòótọ́, àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Báyìí, inú agolo mílíìkì ni mo ń kó tèmi sí.

Ẹ fi ọtí sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu. Oró kan wà nínú èbu yẹn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó bá sì pàdé hepatitis B, jẹjẹrẹ kì í jìnnà. Ẹ̀pà tó bá korò lẹ́nu yín, ẹ tu ú dànù. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀pà wa lọ́kọ̀ọ̀kan lórí atẹ kó tó yan án.

Agbo_Wò_Mí_Sàn (Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀)

Mi ò sùn lánàá. Mo ti pe mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Ẹ̀kẹrin ò gbé fóònù, màá lọ sílé rẹ̀ lónìí. Oní_Láàbù, ẹ ṣeun tí ẹ kò bú mi.

Ìyálọ́jà_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 9:25 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní Kejìlá. Ṣé àwọn méjèèjì lè gba abẹ́rẹ́ náà, àbí ọmọdé nìkan ló wà fún?

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí (Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán)

Wọ́n lè gbà á, mà. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ní in, tí kò sì ní ààbò, kó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kíákíá kó tó di Kejìlá. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ lọ ṣe tiyín.

Bàbá_Ọmọ_Kan (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:00 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ bá ìyá mi. Mo mú òun àti àbúrò mi obìnrin lọ ṣe àyẹ̀wò. Àwọn méjèèjì ní in. Ìyá mi dì mọ́ ìwé náà, ó ń sọ pé, "Èmi ni mo fún ọ, èmi ni mo fún ọ." Mo ní kò mọ̀. Ó wá rántí pé nígbà tí èéyi mú wa, èmi ọmọ ọdún mẹ́ta, bàbá kan sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ agbo ilé, ó fi abẹ kan ṣoṣo sín in láti orí ọmọ àkọ́kọ́ dé orí ọmọ ìkẹsàn-án. Nítorí náà a ò lè mọ èwo. Ó ti fi ìránṣẹ́ sí àwọn mẹ́jọ yòókù.

Tèmi: kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 640, ẹ̀dọ̀ mi dá, àwòrán mọ́. Wọn kò fún mi ní oògùn, oṣù mẹ́fà ni mo máa padà lọ. Ìyàwó mi kò ní in, kò sì kó o rí. Ó ti gba abẹ́rẹ́ èkíní. Ọmọ mi ní ààbò lára.

Mo mú ìyá ìyàwó mi dání lọ sí kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì kan fi sùúrù bá a jókòó, ó dá a lóhùn gbogbo ohun tó bi í. Kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé. Ní alẹ́, mo rí i tó fi eyín já òwú pupa yẹn kúrò létí ife, ó bu omi sí i, ó gbé e fún ọmọ mi.

Àwòrán ìyá mi ni kò dára tó. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń le. Wọ́n ti fún un ní tenofovir, ọ̀kan lójúmọ́. Ó ń bèèrè bó ṣe máa ṣe é tí ààwẹ̀ bá dé. Kò fẹ́ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:31 alẹ́)

Ẹ kí màmá fún mi. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn bóyá ara wọn gbé ààwẹ̀. Tó bá gbà, alẹ́ ni kí wọ́n gbé oògùn náà sí láti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn ìṣínu, tí mo bá ti kírun tán, ni mo ń lo tèmi, aago kan náà lójoojúmọ́. Ní oṣù tó kù, aago yẹn náà ni. Agogo fóònù ọmọ mi ló ń rán mi létí. Ẹ bá wọn tẹ tiwọn sórí fóònù àbúrò yín obìnrin, òun náà ní láti máa rántí ọjọ́ àyẹ̀wò tirẹ̀.